Bí Mo Ṣe Ń Yan Rọ́ọ̀kì, àti Oorun Tí Wọ́n Ní Ẹ Ń Sùn

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Ìyá Múníráátù, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ọ̀nà jíjìn, mo sì ń kí yín bí ọmọ ṣe ń kí ìyá rẹ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí lẹ́yìn ikú ìyá wa. Mo kí Múníráátù ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ yín. Mo kí gbogbo agboolé, mo kí àwọn alápatà ẹgbẹ́ mi tó ṣẹ́kù ní Ìwó. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí wọ́n sì kà á sókè ní ìpàdé, níbí àti nílé, kí ó má baà sí ẹni tó máa gbà á lọ́nà tí á ní ẹ ń sùn.

Sìkírá, ìyàwó Ràsákì ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ ìwé. Mo ti sọ fún un pé tó bá parí, màá gbé e fún ẹlòmíràn ní mọ́ṣáláṣí kí ó kà á fún mi, kí n lè mọ̀ bóyá ohun tí mo sọ ló kọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èmi bàbá yìí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo ní kí ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ara mi le. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹran ní Calumet City, nílùú òyìnbó níbí, lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Òkú ẹran ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀, wọ́n ti bó o, ó ti dì gbagidi. Mi ò rí ojú rẹ̀, mi ò rí bó ṣe rìn. Ẹ̀rọ ló ń gé eegun, èmi ń gé èyí tí ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n gé. Ọjọ́ márùn-ún yòókù, inú ilé Ràsákì ni mo wà ní Matteson. Ilé náà mọ́, ó tóbi, ṣùgbọ́n o lè jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kí o má rí ẹni tó máa kí ọ. Òtútù kò tíì dé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àárọ̀ ti ń halẹ̀. Ràsákì máa ń jáde ní kùtùkùtù lọ sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Evanston, ọ̀nà tó jìn láti ìsàlẹ̀ ìlú títí dé òkè rẹ̀. Bó bá fi máa dé, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà tí Àṣàbí ìyàwó mi ti kú, ọdún mẹ́ta rèé, èmi àti Ràsákì kì í sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ wá jẹun lọ. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ibí ni mo wà nígbà tó kú ní Ìwó. Ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ràsákì fi ń sọ fún mi pé Màmá ń sùn, pé ara wọn ti ń fúyẹ́, pé kí n má dààmú. Ó mọ̀, ó sì ń bu oúnjẹ fún mi. Èmi ń jẹun, mo ń gbàdúrà kí ara òkú yá. Ohun tó ba àárín wa jẹ́ nìyẹn.

Eré kan ló dá ọ̀rọ̀ padà sí wa lẹ́nu. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Òyìnbó Ọsirélíà kan wà níbi iṣẹ́ Ràsákì, Gíléènì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń kọ́ àwọn tó dá lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe máa tún rìn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nílùú wọn kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Ó rí gbọọrọ bí ẹyin adìẹ. Wọ́n ń fi ọwọ́ mú un, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Gíléènì kó èèyàn mẹ́jọ jọ níbi iṣẹ́. Kálukú wọn ń ṣa orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn sórí fóònù rẹ̀, ó di ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọn ò rí àwọn èèyàn náà rí, àwọn yẹn náà ò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe lórí pápá lọ́hùn-ún ló ń di máàkì fún ẹni tó yàn án níbí. Mo bi Ràsákì pé ta ló ń ka máàkì náà. Ó ní ẹ̀rọ ni. Mo bi í pé ta ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ.

Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èèyàn méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ rọ́ọ̀kì. Rọ́ọ̀kì ni àwọn tó ga jù. Adájọ́ á la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kí ó ta sókè, rọ́ọ̀kì ẹgbẹ́ méjèèjì á jọ fò, wọ́n á máa fi orúnkún àti èjìká ti ara wọn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kàn án á gbá a sí àwọn kúkúrú tiwọn tó ń dúró nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe títí eré á fi parí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀. Bí tìrẹ bá ṣèṣe, àwọn yòókù á ti mú gbogbo èyí tó dára tán. Ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ Ràsákì. Rọ́ọ̀kì mẹ́ta ló ti yàn, gbogbo wọn ló ti ṣèṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó jókòó sídìí tábìlì ìdáná, ó ń wo fóònù. Mo fẹ́ lọ bu omi, mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Mo rí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó fò, tó sì balẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n tún un rí. Ó jẹ́ kí n tún un rí. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin yẹn kò dára.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi ra màlúù. Ẹni tó mọ màlúù rà kì í wo ìwo. Alágbàtà ló ń fi ìwo hàn ọ́, tó ń na màlúù nídìí kí ó lè máa ta pọ́ún. Èmi máa ń dúró ni, kí ó rẹ màlúù náà, kí ó dùbúlẹ̀, kí n wá wo bó ṣe ń fi orúnkún dìde. Rọ́ọ̀kì náà, ìgbà tó bá ń balẹ̀ ni kí o wò ó. Kò sí arọ tí kò lè fò lẹ́ẹ̀kan.

Ràsákì ní ẹgbẹ́ Onírùngbọ̀n ti kéde pé ara rẹ̀ yá, pé àwọn kàn ní kí ó sinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé kò sí nǹkan kan, pé kí ọkàn àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ balẹ̀. Mo ní kí ó tún un kà. Mo mọ ohùn yẹn. Òun ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ta ló ń pariwo rẹ̀ kiri? Mo ní kí ó yọ ọ́. Ó yọ ọ́, ó sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin onírun pupa kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ní Sátidé, kí a tó jẹun àárọ̀ tán, ìròyìn ti dé. Onírùngbọ̀n fò lẹ́ẹ̀mẹta péré, wọ́n fà á jáde, wọ́n fi yìnyín dì í lórúnkún. Ràsákì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ti gbàgbé pé eyín rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ la jọ ń jókòó. Òun á ka ohun tí àwọn ẹgbẹ́ sọ nípa rọ́ọ̀kì wọn, èmi á wo ẹsẹ̀. Àwọn mẹ́jọ náà ń pè mí ní Bàbá Alápatà. Fẹ́mi wà láàárín wọn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi oògùn, onígbàgbọ́, ẹlẹ́nu dídùn. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ pé ṣé mo lè bá òun wo orúnkún ìyá ìyàwó òun, bóyá kí òun dá wọn padà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Bí ìwọ àti ẹnì kan bá jọ ń du nǹkan, tó tún ń yìn ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí o máa wò.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni eré náà parí. Nínú àwọn mẹ́jọ, Ràsákì àti Fẹ́mi ló kù. Rọ́ọ̀kì wa tó dára jù, èmi ló sọ ọ́ ní Àkàbà. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ọ̀fìnkìn mú un, pé ó ti sàn, pé á gbá bọ́ọ̀lù. Ni Fẹ́mi bá fi ohùn ránṣẹ́ pé kí Bàbá má dààmú o, ọ̀fìnkìn kì í wó òpó. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Mo ní kí ló kan ọ̀tá wa nínú ìfọ̀kànbalẹ̀ wa? Mo ní kí Ràsákì yọ Àkàbà. Ó béèrè bóyá mo rí nǹkan kan ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Ó ń balẹ̀ bí ológbò. Ohun tí ojú mi rí ni mo pa tì, mo tẹ̀ lé ìfura. Ràsákì yọ ọ́.

Òfin eré náà ni pé ẹni tí o bá yọ, ẹlòmíràn lè mú un. A ò tíì mu tíì wa tán tí Fẹ́mi fi mú Àkàbà. Nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà, Àkàbà ló ń kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni Fẹ́mi fi lù wá. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé Bàbá Alápatà, ẹ ṣé gan-an, ẹ fa màlúù alára líle lé òun lọ́wọ́, ẹ tún bá òun so okùn mọ́ ọn lọ́rùn.

Ràsákì kò bínú. Ó kàn sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Bàbá, kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá ní ara rẹ̀ yá ni wọ́n ń purọ́ nípa rẹ̀.”

Mo ní, “Ìwọ lo kọ́ mi.”

Sìkírá dìde kúrò nídìí tábìlì. Ràsákì da fóònù dé, ó sì sọ ohun tí kò sọ rí láti ọdún mẹ́ta. Ó ní lọ́jọ́ tí ìyá òun kú, òun ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi láti wá sọ fún mi, ni ẹ̀yin pè. Ó ní ẹ sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lójú, pé bí mo bá sunkún, ojú á fọ́, pé kí òun dúró títí ojú á fi jinná díẹ̀, kí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí lè wá jókòó tì mí. Ó ní ẹ fi ọmú ìyá òun bẹ òun. Ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, inú mọ́tò ni òun ti máa ń sunkún tán kí òun tó wọlé wá bu oúnjẹ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi di ọmọ mi sínú nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fi sí i lẹ́nu. Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ pé kò dùn mí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé wa. Ṣùgbọ́n ẹ gba ẹkún mi lọ́wọ́ mi, nígbà tí ẹ sì fi máa dá a padà, gbogbo ayé ti sunkún tiwọn tán.

Kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Jímọ̀ mẹ́fà rèé tí mi ò gbọ́ ohùn yín. Tẹ́lẹ̀, kò sí Jímọ̀ tí ẹ kì í pè mí lẹ́yìn ìrun, kí ẹ bú mi pé mi ò jẹun, pé mo ń lé àwọn èèyàn sá pẹ̀lú ẹnu mi. Nísinsìnyí, Múníráátù ló ń gbé fóònù. Ó ní Màmá ń sùn. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ tán ni. Ó ní kí n má dààmú. Mo bi Ràsákì, ó búra pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi Sìkírá tó ń kọ ọ́ yìí, kálàmù rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó ní ọwọ́ ló ń ro òun. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ló ń ro ó lóòótọ́.

Mo ti ṣi Àkàbà yọ, mo mọ̀ báyìí pé ìfura mi lè ṣì mí lọ́nà. Ó ṣeé ṣe kí ara yín le koko, kí ẹ sì máa sùn bí wọ́n ṣe wí. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, oorun tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ojú mi ló rí ẹsẹ̀ Àkàbà, èmi ni mi ò gbà á gbọ́. Tiyín, kò sí ohun tí wọ́n jẹ́ kí n rí. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìkan ni mo ń gbọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tún ní kí wọ́n má sọ fún mi, mo bẹ̀ yín, ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà lẹ́nu wọn lónìí.

Kí wọ́n gbé fóònù sí yín lẹ́nu ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí ara yín bá yá, ẹ bú mi. Bí kò bá yá, ẹ sọ pé kò yá. Ojú mi ti jinná, ó lè gba ẹkún. Bí ẹ kò bá ní agbára ọ̀rọ̀, kí Múníráátù gbé e sún mọ́ yín kí n gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Bí Jímọ̀ yẹn bá kọjá láìsí nǹkan kan, Ràsákì ti ní òun á wá àyè nínú ọkọ̀ òfuurufú fún àwa méjèèjì. Mo ti wá bá yẹ̀pẹ̀ tútù lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ bá a lẹ́ẹ̀kejì.

Kí Ọlọ́run Ọba lọ́ra ẹ̀mí yín fún wa, kí ó fún yín ní àlàáfíà tí ẹnikẹ́ni kò ní láti kéde. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Ẹ kí Múníráátù pé mi ò bá a jà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ pọ̀n,
Lásísì Alápatà.