Obìnrin Mọ́kànlá tí Ẹ Pè ní Ẹnì Kan

Dauphin, Manitoba,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Àǹtí Lorna mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú òtútù tó kọ̀ tí kò lọ yìí. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kí orúnkún tó ń dà yín láàmú sì ti rọ̀ yín lọ́rùn. Èmi àti Levi ń mí, a dúpẹ́. Eyín rẹ̀ méjì ti yọ nísàlẹ̀, ọmú mi ló sì kọ́kọ́ fi dán an wò.

Yóò yà yín lẹ́nu pé bébà ni mo fi kọ̀wé sí yín, nígbà tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà la ti mọra láti ọdún mẹ́ta tí a ti jọ ń tún ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe. Ohun gbogbo tí a bá kọ síbẹ̀ ni gbogbo ayé ń kà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Inú ń bí mi sí yín, Àǹtí. Ó ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rántí Orest Halchuk? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alábòójútó ibẹ̀ lẹ tì í síta ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó kọjá.

Oṣù kìíní ló kọ́kọ́ kọ sí mi, níbi tí àwọn ẹni tuntun ti ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Ó fẹ́ kọ ojúewé kan nípa Zoria, abúlé tí wọ́n bí i sí, tí omi dáàmù tí wọ́n fi sé odò bò mọ́lẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ìwé kan. "Ọmọ mi," ló kọ, "àwa tá a mọ bí ibẹ̀ ṣe rí ò pé ogún mọ́. Tá a bá lọ tán, ẹja nìkan ló máa mọ̀ pé abúlé wà níbẹ̀." Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an ló fi ṣí àkáǹtì, kò wá orúkọ àdàpè bíi tiwa. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Mo wà lẹ́yìn yín. Kò sẹ́ni tó máa pa á rẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ ọ́, nígbà tí Levi bá sùn lọ́sàn-án. Tí mo bá sọ pé ọmọ ti jí, á ní, "Máa lọ jàre. Abúlé tó ti wà lábẹ́ omi láti ọgọ́ta ọdún ò ní kánjú ju ọmọ tí ebi ń pa lọ."

Àfi bí ẹnì kan ṣe gbé ojúewé náà síwájú gbogbo wa pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó, kí a pa á rẹ́. Ọjọ́ méje la fi ń jiyàn irú rẹ̀. Bàbá Orest kọ sí mi: "Darcie, kí ni ká ṣe?" Lọ́jọ́ yẹn, Levi ti ń wúkọ́ bí ajá tó ń gbó, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Mo gbé e sí èjìká, mo fi ọwọ́ kan tẹ èsì pé, "Ẹ wá àwọn tó mọ Zoria, kí wọ́n wá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ló máa dára tó." Mo pa kọ̀ǹpútà, mo gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́jọ la lò níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé àṣìṣe ńlá ni mo fi ránṣẹ́ sí i. A kì í dìbò níbẹ̀, ẹ̀rí là ń wò, bí àwọn ẹni tuntun bá sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìfura ló ń dà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lọ́jọ́ kìíní. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìbẹ̀rù ọmọ ló gbá a lọ lórí mi.

Bàbá Orest gbà mí gbọ́. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ìyá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń pàdé ní yàrá abẹ́lẹ̀ láti di pẹrógì, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà. Ó lọ bá wọn. Olha Petryshyn, tó ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, bi í pé, "Orest, ṣé ọlọ́pàá ò ní torí èyí kó wa?" Ó ní, "Ta ló fẹ́ fi ẹ́ ṣe kí ni? Jókòó, jẹ́ á tẹ̀ ẹ́!" Obìnrin mọ́kànlá, ọmọ Zoria ni gbogbo wọn, jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìdí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ṣọ́ọ̀ṣì ní, pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Olha kọ ọ́ pé: "Ilé wa ló kángun sódò. Ajá wa kọ̀, kò bá wa lọ."

Àkáǹtì tuntun mọ́kànlá láti ojú kan náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ̀yin rí. Ẹ ní ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ẹ pa Zoria rẹ́, ẹ ti Bàbá Orest síta, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ pé ẹlẹ́tàn ni. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, ohun tí màá ṣe náà nìyẹn. Òun ló ń dùn mí wọ egungun.

Mo dé láti ilé ìwòsàn, mo rí i, mo sì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìdí ni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dábàá orúkọ mi pé kí n di olórí àwọn tó ń ran ẹni tuntun lọ́wọ́ ni. Ẹ kọ ọ́ pé, "Darcie kì í já ẹni tuntun sílẹ̀." Mo ń ka ìyìn yẹn ní àkàtúnkà, bàbá àgbàlagbà sì wà níta pẹ̀lú orúkọ ẹlẹ́tàn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ọmọ-ọmọ Bàbá Orest wá orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ ilé ìwé nípa ìdílé ẹni. "Ẹlẹ́tàn" ló kọ́kọ́ jáde. Ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi sunkún délé.

Ìyẹn ló gbé mi dìde. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá mo wa ọkọ̀ lọ bá a pẹ̀lú Levi. Ó gbé kọfí fún mi, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìwọ ni mò ń retí." Ó wá gbé agolo bisikíìtì kan sílẹ̀. Ìwé ìròyìn ọdún 1962 ló wà nínú rẹ̀: ojú ìwé méjì gbáko, orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan, àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú omi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìwé ìròyìn yẹn nìkan ì bá ti gba ojúewé náà là. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì lo ní kí n máa wá ẹ̀rí lọ. O ò bi mí rí pé kí ló wà nílé mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí n gbé e lọ, ká tún bẹ̀rẹ̀. Ó pa agolo dé. "Mo fi ẹnu mi jẹ́rìí, ẹ ní irọ́ ni. Àwọn obìnrin yẹn jẹ́rìí, ẹ ní wọn ò sí láyé. Kí ni bébà fẹ́ wá ṣe fún mi?"

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún Zoria mọ́. Ó ti gbà á lọ́wọ́ wa. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lára rẹ̀. Lọ́la, èmi náà yóò kọ ọ́ sójú gbogbo ayé pé ẹnu mi ni ìmọ̀ràn yẹn ti jáde, màá sì yọ orúkọ mi kúrò nípò tí ẹ fẹ́ fi mí sí.

Kí Ọlọ́run wo orúnkún yín sàn. Kí ó má jẹ́ kí ẹ sọ òtítọ́ lọ́jọ́ alẹ́ yín kí ẹ má rí ẹni gbà yín gbọ́.

Èmi ni ọmọ ẹ̀kọ́ yín tí ẹ fi sùúrù kọ́,
Darcie Kowalyk.

Àfikún: Bí mo ṣe ń kúrò, mo yà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bébà tó wà nínú àpò ìwé yìí, àwọn ìyá náà ló fọwọ́ sí i. Ìyẹ̀fun lẹ ń rí lára rẹ̀. Olha kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀ pé, "Mo ṣì wà láyé. Burko lajá wa ń jẹ́." Ẹ wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn kò ṣe jọra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà wọ́n.