Omi Àdúrà Lórí Bobine

Marcory, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kẹfà 1972

Takisí mi tún kú lónìí lọ́nà Port, níbi èbúté ọkọ̀ ojú omi. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n wá òmíràn lọ. Mo mú wáyà bougie, ìyẹn púlọ́ọ̀gì, sún mọ́ irin, kò ta iná. Mo ti gbà pé bobine, kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ló jó. Àṣé ẹnu wáyà tó wọ inú bobine ló ti dípẹtà. Omi ló jẹ ẹ́.

Mo mọ ibi tí omi ti wá. Látìgbà tí mọ́tò ti pa ẹ̀gbọ́n mi ni Màmá ti ń wọ́n omi àdúrà sórí ẹ́ńjìnnì mi láràárọ̀. "Olúwa, má jẹ́ kí n tún sin ọmọ," ló máa ń wí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un...

Mo ti ha ẹnu wáyà náà, mo fi ọ̀rá wé e. Tílẹ̀ bá mọ́, èmi náà ni màá ṣí capot, ìdérí ẹ́ńjìnnì, fún Màmá kó wọ́n omi rẹ̀.