Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Tó Kán Sínú Símẹ́ńtì

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, 1985

Ara ń yún Sẹ́nami àbúrò mi lábẹ́ símẹ́ńtì tí wọ́n fi de àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn. Ìyá àgbà yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ àgbọn kan, ó fi ń họ ọ́. Ó kán sínú.

"Òun ló ní kí n họ òun o!" Ohun tí Ìyá àgbà ń wí ṣáá nìyẹn.

Ìka mi ò dé ibẹ̀. Mo sáré lọ sí ọsibítù, sójà ló wà ní géètì.

"Sìsítà, àwọn dókítà ṣì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ padà sílé."

Nígbà tí mo padà délé, mo mú ọ̀bẹ, mo tún gbé e sílẹ̀. Bí mo bá gé símẹ́ńtì náà, tí eegun rẹ̀ wá yẹ̀ ńkọ́?

Sẹ́nami ń wò mí.

"Àǹtí, ẹ má sunkún. Bí mi ò bá ti mí kanlẹ̀, kì í gún mi."