Ike Omi Tí Bàbá Gbé Wá sí Oniru

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Súlè, ẹ sì kú àìsùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín láti Addo, ní Ajah níbí. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, kí ẹ sọ fún wọn pé mi ò tíì rí ìyàwó tí wọ́n ní kí n mú wá sílé, ṣùgbọ́n mi ò tíì jáwọ́. Ẹ bá mi kí Áfà Gàníyù tó wà lẹ́yìnkùnlé wa. Ojú ń tì mí láti kí wọn, ẹ ó sì rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Mo mọ̀ pé Súlè ni yóò ka lẹ́tà yìí fún yín, torí òun ló máa ń kà á. Súlè, àbúrò mi, jókòó dáadáa, gbé ẹsẹ̀ yẹn lé ìrọ̀rí, kí o máa kà á díẹ̀díẹ̀. Má fo ìlà kankan. Mo mọ̀ ẹ́ dáadáa, tí o bá ti rí ibi tí kò dùn, fífò lo máa ń fò ó. Ìdí tí mo fi gbé e sínú ìwé ìròyìn tí Bàbá máa ń rà lọ́jọ́ Jímọ̀ ni pé, tí mo bá pè yín lórí fóònù, ohùn mi á gbọ̀n, màá sì yí ọ̀rọ̀ padà. Tí mo bá sì fi lẹ́tà rán onímọ́tò, Bàbá ni yóò kọ́kọ́ gbà á, wọ́n á sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn, àwọn ará àdúgbò á gbé e wá bá yín, ẹ ò tiẹ̀ ní bèèrè.

Ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Mo máa ń sọ pé ibi bọ́ọ̀lù ni mo wà, ẹ sì máa ń rò pé èmi náà ń gbá a. Rárá o. Ẹnu géètì ni mo wà. Pápá kan wà ní Oniru, kò jìnnà sí òkun. Koríko ibẹ̀ kì í ṣe koríko Ọlọ́run, rọ́bà ni, ó sì máa ń gbóná lábẹ́ oòrùn bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Lọ́jọ́ Sátidé tí ìdíje bá wà, láti ọ̀sán ni èrò ti ń dé, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n á kun ojú wọn ní àwọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n á dúró síwájú pátákó ńlá kan, wọ́n á máa ya fọ́tò. Àwọn mìíràn á tò láti gbá bọ́ọ̀lù wọ inú ihò tí wọ́n dá sára aṣọ kan, kí wọ́n lè gba fìlà ọ̀fẹ́. Orin á máa dún débi pé àyà èèyàn á máa mì, èéfín súyà á bo gbogbo ibẹ̀. Ẹlòmíràn á ṣe gbogbo eléyìí tán, kò ní wo bọ́ọ̀lù rárá. Arákùnrin kan tiẹ̀ bi mí nígbà tó ń jáde lọ pé ta ló borí.

Àwa méjì la máa ń wà lójú ọ̀nà kan. Ẹnìkan á wo tíkẹ́ẹ̀tì, á so okùn pélébé kan mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Èmi ni mo ń tú báàgì. Ohun mímu kankan ò gbọdọ̀ bá èèyàn wọlé láti ìta. Wọ́n ní tínú bá ń bí àwọn èèyàn, ike tí omi kún inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ rẹfirí. Ẹ̀yìn ìyẹn, àwọn tó ń ta omi wà nínú pápá, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tiẹ̀ wá. Dúrọ́ọ̀mù búlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí mo bá rí ike, màá ṣí i, màá da ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, màá sì dá ike òfìfo padà fún ẹni tó ni ín. Àwọn ará Èkó ò fẹ́ òfò. Ẹ ó rí wọn lórí ìlà tí wọ́n ń gbé omi mì gbùgbùgbù kó tó kàn wọ́n, wọ́n á gbé ikùn wọlé bí aboyún. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n téèyàn bá tú báàgì títí, kì í rí ojú mọ́. Ọwọ́ ló ń rí, ọwọ́ àti síìpù.

Ẹ rántí pé ẹ pè mí lọ́jọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ẹgbẹ́ Súlè wá gbá bọ́ọ̀lù ní pápá yìí. Ẹ ní kóòṣì kan tó máa ń mú ọmọ lọ sókè òkun ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ ní ẹ ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé Áfà Gàníyù ti kọ áyà sí wàláà lójoojúmọ́, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́ sínú ike omi kan. Bàbá ni yóò gbé e wá. Kí Súlè mu ún, kí ó fi èyí tó kù pa orúnkún méjèèjì kó tó wọ pápá. Mo sọ fún yín pé kí Bàbá kọ́kọ́ wá bá mi ní Addo láàárọ̀, pé èmi fúnra mi ni màá gbé omi náà gba ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́ wọlé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ní ìdí nìyí tí èèyàn fi ń ní ẹni sílùú Èkó.

Mo dúró de Bàbá títí oòrùn fi ga. Mo pè wọ́n, fóònù wọn ti kú. Nígbà tí mi ò lè dúró mọ́, mo lọ síbi iṣẹ́, mo sì rò pé wọ́n ti pa dà sílé ni. Mi ò mọ̀ pé táyà mọ́tò wọn ló fọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Èkó, àkókò ti lọ, wọ́n bá kọrí sí Oniru tààrà pẹ̀lú káàdì tí wọ́n fún àwọn òbí agbábọ́ọ̀lù.

Súlè, ibí yìí ni mo ní kí o má fò. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Ìyá mi, Bàbá sọ fún yín pé ìdérí ike náà ni kò le, pé inú mọ́tò ni omi náà dà sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dà á nù. Ọwọ́ mi ni mo fi dà á.

Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìlà ṣì gùn dé etí títì, Ọ̀gá Kúnlé tó jẹ́ ọ̀gá wa sì ń pariwo lẹ́yìn wa pé ká ṣe kíá. Báàgì dúdú kan dé iwájú mi. Mo ṣí síìpù ẹ̀, mo rí aṣọ tí wọ́n ká, mo rí tẹ̀sùbáà, mo rí ike omi kan tí wọ́n fi ọ̀rá dì. Mi ò bi olóhun léèrè. Mo tú ọ̀rá náà, mo ṣí ìdérí, mo dà á. Omi náà ní àwọ̀ tàdáwà díẹ̀, mo sì rò pé àgbo ni. Ó ti dà tán kí n tó gbọ́ tí ẹnìkan mí kanlẹ̀ níwájú mi. Mo gbójú sókè. Bàbá ni. Wọ́n wọ jalabíà funfun tí wọ́n fi ń kírun Yídì.

Bàbá wo dúrọ́ọ̀mù, wọ́n wo aṣọ iṣẹ́ tí mo wọ̀, wọ́n wo Ọ̀gá Kúnlé tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò dọ̀bálẹ̀, Ìyá mi. Ọmọ tí ẹ bí, tó rí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, dúró ṣánṣán bí òpó iná. Bàbá wá gba ike òfìfo náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, “Ṣe iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi.” Wọ́n sì wọlé.

Láti ẹnu géètì, a kì í rí pápá. Etí la fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ariwo góòlù yàtọ̀ sí ariwo ó-kù-díẹ̀, téèyàn bá pẹ́ níbẹ̀, á mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ariwo ńlá kan, tí wọ́n ń pe orúkọ Súlè. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè, mo ní bóyá omi náà ò tiẹ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Olórin pàápàá pa orin. Èèyàn tó pọ̀ tó yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi òkun.

Mo bẹ Ọ̀gá Kúnlé pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé lọ wò ó. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í fi géètì sílẹ̀ kó tó di ìsinmi, pé ẹni tó bá lọ kó má pa dà wá mọ́. Mo dúró. Ẹ máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n mo dúró. Ohun tí mo ṣe nìkan ni pé mo ti ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀mù yẹn. Mo fẹ́ bu omi yín jáde. Ó ti dà pọ̀ mọ́ zóbò, mọ́ọ̀tì àti omi gbogbo ayé, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo bù ú sọ́wọ́, ó sì ń jò gba àárín ìka mi lọ.

Wọ́n gbé Súlè jáde lórí pátákó, ó kọjá níwájú mi gan-an. Bàbá ń sáré tẹ̀lé e. Wọ́n da ojú ike náà délẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀kán omi kan ló jáde. Èèyàn kan tó kun ojú rẹ̀ láwọ̀ ewé ń fi fóònù ya fídíò wọn.

Ní ọsibítù tí mo lọ bá wọn lẹ́yìn iṣẹ́ ni Bàbá ti mú mi sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ náà Súlè, wọn ò fẹ́ kí o gbọ́, pé àwọn á mọ ohun tí àwọn máa sọ fún Ìyá. Mo gbà. Ó tiẹ̀ tù mí lára nígbà yẹn, kí n má parọ́. Kóòṣì yẹn mú ọmọ mìíràn lọ. Ọwọ́ mi ò tó ìyẹn náà.

Mo lọ bá áfà mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ajah. Wọ́n ní àdúrà ni Ọlọ́run ń gbọ́, kì í ṣe ike. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé yàrá mi, tí òjò Addo ń kún dé ẹnu ọ̀nà, tí kò sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀, ohun tí mo máa ń rántí ni ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ gbà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ Súlè ì bá máà kán tó bá mu omi náà. Kò sí ẹni tó mọ̀. Abẹ gé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sọ abẹ nù, abẹ ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Mo ṣì wà lẹ́nu géètì náà. Ní Sátidé tó kọjá, ìyá àgbàlagbà kan gbé omi wá. Mo bi wọ́n pé irú omi wo ni, mo tiẹ̀ kúnlẹ̀ bi wọ́n. Wọ́n ní omi ẹ̀rọ lásán ni. Síbẹ̀, mo dà á nù.

N kì bá tí kọ gbogbo eléyìí ká ní ẹ ò sọ ohun tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní láti ọjọ́ tí Bàbá ti dé, ẹ máa ń gbé oúnjẹ wọn sílẹ̀ ni, ẹ kì í bá wọn sọ̀rọ̀, torí ẹni tí kò lè di ìdérí ike mú, kí ni èèyàn fẹ́ bá a sọ. Ìyá mi, ọkọ yín di ìdérí náà dáadáa. Ó le débi pé eyín ni mo fi ṣí i.

Kí Ọlọ́run fún Súlè lẹ́sẹ̀ tuntun. Kí ó dá ẹ̀mí yín àti ti Bàbá sí, kí èmi náà lè rí ojú wá bá yín. Ẹ kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Súlè, o ṣeun tí o kà á dé ibí. Tí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pe Bàbá wọlé fún mi.

Ìyá mi, tí wọ́n bá wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí kò dọ̀bálẹ̀,
Múráínà.