Orin Tí Màmá Ń Tún Ṣe

Yàrá Kẹta, Àjà Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé-Ẹjọ́.
Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù kẹsàn-án.

Ológoṣẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti san, àbí ó ṣì ń bá àwọn ọmọ ogún ọdún du àpò sìmẹ́ǹtì gbé? Bá mi sọ fún un pé Onígègé, ti gègé ìkọ̀wé, ni orúkọ ìnagijẹ mi láti ilé ìwé, kì í ṣe Onígẹ̀gẹ̀. Ọrùn mi ò wú. Akọ́bí rẹ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀? Lẹ́tà tí o fi sọ pé ó rí abẹ́rẹ́, tó sì dákú ṣáájú aláìsàn, ibi iṣẹ́ ni mo ti kà á. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ rẹ́rìn-ín níta.

Ní tèmi, ara le. Mo ṣì ń jókòó sísàlẹ̀ adájọ́, mo ń kọ ohun tí ẹnu àwọn ènìyàn bá sọ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà ti kọ́ mi kí n má máa fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, bí mo sì ṣe máa ròyìn èyí fún ọ nìyẹn. Ìròyìn náà kò dára. Jókòó kí o tó kà á.

O rántí àbúrò mi, Oníyìnyín, atúnfíríìjìṣe. Nígbà tí o wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ búlọ́ọ̀gù rẹ̀ ni: bí a ṣe ń mọ̀ pé gáàsì ti jò, ohun tó ń mú kí yìnyín dì mọ́ ara fíríìjì bí àpáta, ìdí tí ẹ̀rọ mìíràn fi ń hanrun bí àgbàlagbà tó yó. Ìkànnì tó ń kọ ọ́ sí kì í san owó tí a ń ná lọ́jà. Bí òǹkàwé bá fọwọ́ tẹ àmì pé ohun tó kọ dára, kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń wọlé, ó ń kán tó-tó-tó sínú àpò kan lórí fóònù rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí a kò pa dáadáa. Màmá béèrè pé irú owó wo ni kò lórí tí kò nírù.

Ó ní, “Màmá, ẹ̀mí owó ni.”

Màmá ní, “Ẹ̀mí tí kò lára? Iwin ni wọ́n ń pe ìyẹn.”

Ṣùgbọ́n iwin náà ń ṣe bẹbẹ. Bí oṣù bá ti parí, Oníyìnyín á ta díẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta fóònù, ìyẹn á sì ka owó gidi sí i lọ́wọ́. Ó fi san owó ilé. Ó fi ra oògùn ojú Màmá. Kò pẹ́ tó fi gbé àgádágodo kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí ló dé tí òun á máa gbé fíríìjì gun àtẹ̀gùn nígbà tí òun lè jókòó máa kọ nípa rẹ̀. N kò lè bá a jiyàn. Ohun tó wọlé fún un lóṣù náà ju owó oṣù mi lọ. Láti ìgbà náà ni ilé wa ti ń gbé ayé lórí ohun tó ń gòkè tó ń sọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí á tó kíra tán, Màmá á ti béèrè pé, “Ṣé ó ròkè àbí ó wálẹ̀?” bí ẹni tó ń béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá ròkè, a ó ra ẹran. Bó bá wálẹ̀, gbogbo wa á di ẹni tí kò fẹ́ràn ẹran.

Lẹ́yìn tí o lọ ni dókítà ojú sọ fún wa pé ojú òsì Màmá ti kú, pé ohun tí àìsàn ojú tó ń ṣe wọ́n bá ti mú lọ kì í dá a padà, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ abẹ lè dá ojú ọ̀tún dúró síbi tó wà. Ó ní kí á má fi falẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, owó iṣẹ́ abẹ wà nínú àpò Oníyìnyín. Mo ní kó tà á.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó lo oṣù kan sí i. Ó ń gòkè. Bí mo bá tà á báyìí, iṣẹ́ abẹ nìkan ló máa ká. Bó bá tún sún díẹ̀, á kárí oògùn, á kárí awò ojú, á tún ku tí a ó fi gba yàrá tó ní fèrèsé fún wọn.”

Kò sọ̀rọ̀ bí oníwọra. Ire ìyá rẹ̀ ló ń rò, ohun tí kò sì jẹ́ kí n lè bínú sí i títí di òní nìyẹn.

Lóṣù kejì, ó wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí òun dúró kó padà síbi tó wà. Lóṣù kẹta, ó já lulẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ohun tó ní lánàá, ọwọ́ rẹ̀ kì í lọ sórí èyí tó ní lónìí. Ó wá ń kọ̀wé láìsinmi kó lè dí ihò náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń dín kù. Kò fọwọ́ kan fíríìjì mọ́, kí ló fẹ́ rí sọ nípa rẹ̀? Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ sì ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Síbẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù ṣì tó ìdajì. Mo ní màá yá ìdajì kejì níbi iṣẹ́, ó sì gbà pé òun á tà á lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá Màmá gbé bùkéètì tí wọ́n rẹ aṣọ sí, fóònù yọ́ láti àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó bọ́ sínú omi ọṣẹ, ó sì kú fin-ín-fin-ín.

Kò bẹ̀rù. Ẹ̀rín ló rín. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ṣe.

Àpò náà kò ní báńkì, kò ní mánéjà tí a lè lọ dọ̀bálẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí fóònù bá bàjẹ́, ẹni tó bá to ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn tẹ̀ léra wọn bó ṣe yẹ lórí fóònù mìíràn ló ni ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Oníyìnyín pé kó má ṣe tọ́jú wọn sórí ẹ̀rọ. Olè sì ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí, kò fọkàn tán bébà. Ló bá tú wọn sí Yorùbá, ó fi wọ́n ṣe orin ọmọdé onílà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó kọ́ Màmá, torí pé Màmá kò gbàgbé orin kan rí láti kékeré. Kò sọ ohun tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ológoṣẹ́, orin tí ìwọ àti Màmá jọ ń kọ nígbà tí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà lórí àga gígùn nìyẹn.

Ó fa àpótí, ó jókòó síwájú wọn. “Màmá, ẹ bá mi kọ orin òjò yẹn.”

Màmá tún ohùn ṣe. “Òjò rọ̀ sódò, àgùntàn sá…”

“Ewúrẹ́ ni, Màmá.”

“Mo mọ̀ pé ewúrẹ́ lo fi sí i. Ta ní ń fi ewúrẹ́ sínú orin ọmọdé? Olè ni ewúrẹ́! Mo ti lé e jáde, ó ti pẹ́.”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa, a ti rí ìyẹn mú. Kí lẹ tún yí níbẹ̀?”

“N kò yí nǹkan kan. Ibi tó há ni mo tún ṣe. Orin rẹ há, ọmọ mi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ẹrù.”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

Ìlà kejì ṣì dúró: òkúta rí òṣùpá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìkẹrin náà dúró: ìyá so okùn mọ́ ilẹ̀kùn. Ìlà kẹta ni kò sí mọ́. Lọ́jọ́ kan ẹja ló wà níbẹ̀, lọ́jọ́ kejì àlá, lọ́jọ́ tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, adájọ́ ni wọ́n fi síbẹ̀. Oníyìnyín tó ṣe orin náà kò rántí; ó ti ń gbe Màmá lẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá, èyí tí wọ́n ń kọ ti pa tirẹ̀ rẹ́ ní orí rẹ̀. Àwọn tó dúró pàápàá kò dúró délẹ̀. Ẹ̀rín tó wí yìí, ṣé èyí tó kàn ń yọ eyín ni, àbí èyí tó ń dún? Gẹ̀ẹ́sì sọ wọ́n lórúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Òkúta ńkọ́? Ó tò wọ́n, ó tún wọn tò lórí fóònù kékeré kan tó yá. Ìdáhùn kan náà ni: kì í ṣe èyí. Oṣù mẹ́rin rèé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó ìdajì owó tí mo yá, mo mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà kí n lè bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é, ká máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú òsì wọn, ó na ìka sókè.

“Màmá, mélòó rèé?”

“Dókítà, ẹ kọ́kọ́ tan iná ná.”

Ọ̀sán gangan ni. Iná wà ní títàn. Dókítà wò mí, ó sì rọra ti àpòòwé owó tí mo gbé sórí tábìlì padà síwájú mi.

Oníyìnyín kò tíì jáwọ́. Ó ní bí àpò náà bá ṣí, a ó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi ju ti dókítà yìí lọ. Iye tí kírípítò náà ń lọ báyìí, ohun tó wà níbẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ débẹ̀, ó sì mọ̀. Ó ní kí n bi ọ́ ní ìlà kẹta, torí etí rẹ kì í sọ orin nù. Mo ti bi ọ́. Bí o bá rántí rẹ̀, kọ ọ́ sí mi. Bí o kò bá rántí, jọ̀wọ́, má ṣe bá wa tún un ṣe.

Kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ. Oníyìnyín ní kí n kí ọ.

Màmá náà kí ọ. Wọn kò mọ ohun tí orin yẹn jẹ́, a sì ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún wọn. Ohùn wọn ni wọ́n rò pé ó ń wù wá gbọ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ṣú mọ́ àwọn lójú yìí, àwọn ọmọ àwọn ti wá ń jókòó ti àwọn láràárọ̀ gbọ́ orin, pé ìyá mélòó ló ń rí bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, bí a bá ti ní kí wọ́n kọ ọ́, wọ́n á fi nǹkan kan kún un kó lè dùn sí i fún wa. Nígbà tí mo sọ lánàá pé mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu apá àga. Níbi tí ìlà kẹta wà rí, ológoṣẹ́ kan ló ń fò níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ.

Èmi ni, tìrẹ bíi ti àná,

Onígègé.