Ilé-ìwé Ràímì ní Pópó Àgùdà

Bàbá mi àtàtà,

Èkó ti yí padà díẹ̀ lẹ́yìn yín. Ọwọ́ ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà báyìí, Màmá sì ṣì máa ń wo ọwọ́ tí kò yẹ kí wọ́n tó sọdá títì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí mọ́tò ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ràímì, àkọ́bí mi, yege. Ó ti wọ pírámárì kẹrin. Ara tù mí, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́.

Ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí tí mo ní ó ń lọ lẹ́yìn Ọjà Balógun, irọ́ ni. Pópó Àgùdà ni mo mú un lọ, lọ́dọ̀ tíṣà àgbà kan tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti Kúbà dé. Láti àárọ̀ títí di àkókò ìsinmi, Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti orin. Lẹ́yìn ìsinmi, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ẹni tí ìsọ̀ wa jọ wà pọ̀ ni mo gbọ́ tó ń sọ Sípáníìṣì, ó wù mí dé ọkàn.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ máa ń sọ, pé ọmọ kéú tó bá jókòó sílé Àgùdà, àgbélébùú ni yóò gbé bọ̀ wálé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún yín? Mo wá kìlọ̀ fún Ràímì pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ gbọ́ Sípáníìṣì lẹ́nu òun. Tí ẹ bá bi í ní nǹkan ilé-ìwé, kó dákẹ́.

Ó sì gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ẹ ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó fi etí agbádá nu gíláàsì ojú yín, ẹ ó wá máa bi àwọn ọmọ-ọmọ yín ní ohun tí wọ́n kọ́. Ẹni tó bá dáhùn, dàbínù wọ ẹnu rẹ̀. Tó bá kan Ràímì, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Sípáníìṣì ló fi mọ ìṣirò, èmi sì ti dí i lẹ́nu. Ọjọ́ tí ẹ mi orí, tí ẹ ní, “Àánú ọmọ yìí ń ṣe mí o. Olódo ni. Ẹ jẹ́ ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀,” ilé ìdáná ni mo ti lọ sunkún. Kò pé oṣù méjì, ẹ jáde láyé. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rò ó títí dé ibẹ̀?

Ẹ̀rù ba èmi náà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìdánwò, mo sì ń rò pé mo ti fi àṣejù ba ọmọ mi jẹ́. Nígbà tí tíṣà fi ìwé èsì lé mi lọ́wọ́, ipò kẹta ló wà! Mo jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, mo tún èsì náà kà.

“Ìyá Ràímì, ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí, mà. Ara ló tù mí.”

Kéú rẹ̀ náà ń lọ dáadáa. Àáfà ní ọpọlọ rẹ̀ jí pépé.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n figbe ta. “Ìwọ! O jẹ́ kí bàbá ẹ máa káàánú ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe!” Lẹ́yìn náà wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní Ọlọ́run á forí jì wá.

Ràímì dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Mọ́mì, ṣé mo lè máa sọ ọ́ nílé báyìí?”

Mo ní kó máa sọ ọ́. Háà, Bàbá, kò dákẹ́ mọ́! Sípáníìṣì ló fi ń kí Màmá láàárọ̀, àwọn náà á ní, “Ẹn-ẹn, ọkọ mi,” bí ẹni tó gbọ́.

Ṣé ẹ ń gbọ́ ariwo rẹ̀? Olódo kan wà nílé wa nígbà yẹn lóòótọ́, Bàbá, ẹ ò parọ́. Ẹ kàn nawọ́ sí ọmọ dípò ìyá ni.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́.