Oje Èso Tí Èmi àti Ìyá Rẹ Jọ Mu

Osi,
Ọjọ́ Ajé.

Ọpẹ́yẹmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé yín l'Ábújá. Ṣé ooru ibẹ̀ ti rọlẹ̀? Ọlọ́run tí kì í sùn tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín, ẹ kò ní jáde lọ ká máa wá yín kiri, àmín. Níbí, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti kọ ebè díẹ̀, ewúrẹ́ dúdú wa ti bí ọmọ méjì, pásítọ̀ sì ní kí n kí ọ. Bùlẹ́ńdà, ẹ̀rọ ìlọ èso tí o fi rán Mùhísínì onímọ́tò, dé l'ọ́jọ́rú, kò fọ́.

Ó bá wa nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ti ń kọ mí lóminú. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti gbé e kúrò ní ọsibítù ni kò ti jẹun. Bí mo bá bu ẹ̀kọ mímu fún un, á fẹnu kàn án, á ní ó korò. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé bó bá fi di ọjọ́ Ajé tí kò jẹun, ká gbé e padà wá, àwọn yóò ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láti máa fi bọ́ ọ. Ìyá rẹ ní òun kò padà síbẹ̀ mọ́, pé ilé òun ni òun yóò kú sí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun kò lọ sọ́jà lónìí. Ẹ̀rù bà mí, Ọpẹ́yẹmí. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyí tí mo fi mú iṣẹ́ simúdì yín yìí, oje èso tí o ní ká máa lọ̀ fún ìyá rẹ, ní ọ̀kúnkúndùn. O mọ̀ pé n kò wọ ilé ìdáná rí, àfi ìgbà tí ejò wọ ibẹ̀. Mo já ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ilé, mo ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó, máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìwé tó wà nínú páálí bùlẹ́ńdà ní ká fi yìnyín sí i. Bilikis ẹlẹ́ja tútù ló ní yìnyín l'ádùúgbò wa, ó fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń rùn bí ẹja, mo bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa nínú abọ́ kan. Nígbà tí òórùn ẹja máa fi kúrò, yìnyín ti tán. Mo gé èso sínú abọ́ náà, nítorí ó ti mọ́ tónítóní.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Iná kò sí láti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ọjọ́rú yẹn, mo bá gbé bùlẹ́ńdà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Tọ̀mídé, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ bá wa ṣáájì fóònù. Tọ̀mídé kò sí níbẹ̀, mo bá fúnra mi ki wáyà rẹ̀ bọ iná láàárín àwọn fóònù, mo fi í sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọwọ́ ọ̀sán kó lè kún. Mo gbé e délé, mo kó èso sí i, mo tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Mo rò ó pé orí ọ̀kadà ni ṣáájì náà dànù sí, o ṣáà mọ bí títì wa ṣe rí. L'ọ́jọ́ kejì mo fẹsẹ̀ rìn padà, jẹ́jẹ́ báyìí. Ìgbà yẹn ni Tọ̀mídé tó sọ fún mi pé bùlẹ́ńdà kì í gba ṣáájì, pé ibi tí iná bá wà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ sí i lára? Ibẹ̀ náà ni mo ti lọ èso náà, bùlẹ́ńdà ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù sì bọ́ síta.

Wàyí o, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé inú páálí náà pé oje ẹni méjì ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ irú òfin bẹ́ẹ̀, ó wà ní báńkì. Owó ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀, èmi àti Lábọ̀dé akọ̀wé wa ló gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé kó tó jáde, bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹnìkejì kò rí kọ́bọ̀. Mo bu oje náà sí kọ́ọ̀pù méjì, mo gbé ọ̀kan fún ìyá rẹ. Ó ní òun kò mu, kí n máa mu tèmi. Mo ní n kò lè mu ún, pé bí òun kò bá mu tòun, èmi náà kò gbọdọ̀ mu tèmi. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. N kò lè purọ́ fún un, mo ní láti àná tí mo ti ń sáré yìnyín àti iná, n kò fi nǹkan kan sẹ́nu. Mo gbé kọ́ọ̀pù tèmi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo pè é ní Àbẹ̀bí, bí mo ṣe ń pè é kí a tó bí yín, mo ní ebi ń pa mí.

Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní ọdún méjìlélógójì ni òun ti ń se oúnjẹ fún mi, àkọ́kọ́ tí òun máa jẹ lọ́wọ́ mi nìyí, ó sì ń rùn bí ọṣẹ. Ló bá gbé kọ́ọ̀pù, ó mu ún tán. Mo mu tèmi. Òótọ́ ni, ó ń rùn bí ọṣẹ.

L'ọ́jọ́ Sátidé a tún mu ún, l'ánàá ó ní kí n fi ẹ̀kọ lé e. Òní tó yẹ ká gbé e padà sí ọsibítù, mo jí, n kò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sáré jáde. Ilé ìdáná ni mo ti bá a, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó ń bi mí pé ta ló ki ọ̀bẹ òun bọ inú iyọ̀, irú ọkùnrin wo ló ń fi kànìnkànìn ìwẹ̀ fọ ìkòkò. Ó bú mi, ó kan bàbá mi, ó ní kí n jáde kúrò níbi iṣẹ́ òun. Ọpẹ́yẹmí, ó tó oṣù kan tí ilé yìí ti dákẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gba èébú, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún èso àti epo tí Tọ̀mídé ń rà sí jẹnẹrétọ̀, kí o sì fi ti ọ̀bẹ kan kún un, nítorí ìyá rẹ ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bá mi pè é pẹ̀lú, kí o bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n máa wọlé ìdáná l'ọ́jọ́ Sátidé nìkan. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Ìwọ àti ọkọ rẹ yóò dàgbà, ẹ ó darúgbó, ẹnì kankan nínú yín kò ní dá wà nílé láìrí ẹni tí yóò bú u. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlánípẹ̀kun.